Ẹ̀bùn Àwọn Onípìn-ín

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ akọ̀wé nílé ẹjọ́. Irọ́ àwọn ẹlòmíràn ni mo ń kọ sílẹ̀ láàárọ̀, òun náà ni mo ń tẹ̀ jáde lọ́sàn-án, kò sì sí oríṣi irọ́ tí kò tíì gba abẹ́ bírò mi kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé, lọ́jọ́ tí èmi náà bá máa pa tèmi, màá mọ̀ ọ́n pa. Mo sì mọ̀ ọ́n pa lóòótọ́. Ọdún márùn-ún gbáko ni àṣírí ẹ̀ ò fi tú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo purọ́ fún. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Alágbàfọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí àwọn òbí wa kú, owó aṣọ fífọ̀ ni Àǹtí fi rán mi níwèé. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo ni mo ní. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé ni wọ́n á ti bọ́ ọ lọ́rùn mi, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, kọ́là ẹ̀ á sì dúró ṣánṣán bí ẹni pé ọmọ olówó ló ni ín. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí o, Àǹtí ló ṣì ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Gbogbo Sátidé ni mo ń gbé e lọ bá wọn. Bí mo bá ní kí n gbé e fún ẹlòmíràn, wọ́n á ní, "Ta ló máa bá ẹ lọ kọ́là ẹ̀ kó dúró? Gbé e wá jàre, Akọ̀wé."

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló fa gbogbo ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà tó ní àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá, irú èyí táwọn èèyàn fi ń ṣe fàájì lórí òkun fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ní ọgọ́rùn-ún ìpín ìdókòwò nínú ilé iṣẹ́ náà, tó sì wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n á fún un ní ọgọ́rùn-ún dọ́là tó máa ná níbẹ̀. Kì í ṣe owó tí wọ́n ń kà síni lọ́wọ́ o. Inú àkáǹtì yàrá ẹni ni wọ́n ń fi í sí, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù nígbà téèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ti wọmi nìyẹn. Ẹ̀bùn yìí wọ̀ mí lójú. Àmọ́ àádọ́ta ìpín ni agbára mi ká. Mo sọ fún Àǹtí, wọ́n kó owó tí wọ́n tù jọ jáde, wọ́n ra àádọ́ta kejì. Orúkọ àwa méjèèjì ló wà lórí ìwé.

Nígbà tó yá, àìsàn tó kárí ayé dá gbogbo ọkọ̀ dúró sí èbúté. Ohun tí a rà lógún kò tó mẹ́rin mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni òrùlé Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

"Akọ̀wé," wọ́n ní, "ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wa yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Àǹtí, owó wa ti rì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

Kò rì, mo sì mọ̀ pé kò rì. Mo mọ̀ pé ó máa gbéra padà. Mo tún mọ̀ pé bí wọ́n bá yọ àádọ́ta wọn, ọgọ́rùn-ún mi ò pé mọ́ nìyẹn. Ni mo bá ka owó díẹ̀, iye tí wọ́n ń ta àádọ́ta ìpín lọ́sẹ̀ tó burú jù lọ yẹn, mo ní kí wọ́n fi ṣe òrùlé, pé àpò mi ló ti wá. Àǹtí gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ojú tì mí, àmọ́ mo ṣe àmín.

Ó wá ku kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kí orúkọ wọn lè kúrò níbẹ̀. Mi ò gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn rí, torí wọ́n á bi mí pé nǹkan tó ti rì, kí la tún ń fọwọ́ sí? Kí n wá bá wọn fọwọ́ sí i fúnra mi? Èmi tí mo ti rí ẹni mẹ́sàn-án tó torí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n! Ìwà burúkú ò bà mí lẹ́rù, òfin ló bà mí lẹ́rù. Mo fi orúkọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì gbàgbé ẹ̀.

Ìpín gbéra lóòótọ́, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ní kí n wọkọ̀ ọ̀hún wò. Ẹni tó bá dá gba yàrá níbẹ̀, owó èèyàn méjì náà ló máa san, ni mo bá ní kí Àǹtí ká lọ. Mo sọ fún ara mi pé màá jẹ́wọ́ tí a bá ti dé orí omi. Ẹ má dá mi lóhùn o. Ibùsùn kejì tí mo ti sanwó ẹ̀ ló ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tó lọ, mo fi ìwé tó fi hàn pé ìpín mi pé ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́, bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe máa ń béèrè, mo sì ń retí ẹ̀bùn mi.

Nínú ọkọ̀, aṣọ orí ibùsùn ni Àǹtí kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n ní, "Ẹni tó lọ eléyìí mọṣẹ́, àmọ́ ó ń kánjú." Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé dọ́là mẹ́fà ni wọ́n ń gbà láti fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n pariwo. "Dọ́là mẹ́fà! Ṣé wúrà ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ wọn ni?" Wọ́n fọ tèmi nínú báṣíà ilé ìwẹ̀, orúnkún tó ń dùn wọ́n ò sì dá wọn dúró. Nídìí tábìlì oúnjẹ, gbogbo ẹni tó bá jókòó tì wá ni Àǹtí ń sọ fún pé, "Àbúrò mi ló mú mi wá. Ọmọ tí mo tọ́ ni." Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, màá tún máa gé ẹran tí mo ti gé tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, mo ní ó ti rẹ̀ wọ́n jù fún ìjẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo ní òkun ń ru.

Lọ́jọ́ kẹta, mo wọlé lọ́sàn-án, mo bá Àǹtí lórí ibùsùn, awò wà lójú wọn, lẹ́tà wà lọ́wọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló fi sórí ìrọ̀rí. Wọ́n ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Akọ̀wé, orúkọ mi rèé. Orúkọ ẹ rèé. Sí àwọn onípìn-ín wa ọ̀wọ́n. Wọ́n ní àwọn fún wa ní ọgọ́rùn-ún dọ́là."

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà wọn ló ṣàṣìṣe, Àǹtí. Orúkọ àtijọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká kàn ná an."

"Ká ná kí ni? Tèmi ti rì. Ìwọ lo fi owó ẹ kó mi yọ. Mi ò jẹ owó olówó láti kékeré, orí omi kọ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n ti ń wá ọ̀pá wọn. "Mò ń lọ dá a padà."

"Ẹ jẹ́ n bá yín lọ sọ fún wọn."

"Ṣé orúkọ ẹ nìkan ló wà níbẹ̀ ni?"

Mo tẹ̀ lé wọn bí ẹlẹ́wọ̀n. Èèyàn bíi mẹ́fà ló wà níwájú wa nídìí káńtà. Ogún ìṣẹ́jú ni Àǹtí fi dúró lórí orúnkún yẹn, kí wọ́n lè dá ohun tó jẹ́ tiwọn padà. Mo ní ogún ìṣẹ́jú láti fi sọ òótọ́, mi ò lò ó.

"Ọmọ mi," Àǹtí sọ fún ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà, "ẹ fi owó tí kì í ṣe tèmi sí mi lọ́rùn. Ẹ bá mi mú un kúrò."

Ọmọbìnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀. "Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, mà. Ọgọ́rùn-ún ìpín ni, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ín. Ìwé tí bàbá yìí fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá ni mò ń wò yìí."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Ó ti rì, ọmọ mi, ó ti pé ọdún márùn-ún. Àbúrò mi yìí ló sọ fún mi. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni, kì í purọ́."

Ọmọbìnrin náà wò mí. Àwọn èèyàn máa ń ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé àwọn mì. Abẹ́ ẹsẹ̀ tèmi, irin ni.

"Kò rì, Àǹtí," mo ní. "Kò fìgbà kankan rì. Mo fẹ́ kí ọgọ́rùn-ún mi pé ni. Owó òrùlé yẹn, owó yín ni, kò sì tó."

Àǹtí di etí káńtà mú.

"Àdúrà tí mo gbà fún ẹ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Àǹtí mi orí.

"Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀," wọ́n ní, wọn ò sì parí ẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìyókù. Wọ́n kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Ìdajì owó yìí, tèmi ni, àbí?"

"Tiyín ni, mà."

"Ṣé mo lè fi san owó aṣọ fífọ̀?"

"Ẹ lè fi san án, mà."

Nígbà tí a padà sí yàrá, Àǹtí kó gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì mi jọ. Mẹ́jọ ni. Wọ́n já èyí tí wọ́n fọ̀ láàárọ̀ lórí okùn ilé ìwẹ̀, ó ṣì tutù, wọ́n jù ú mọ́ ìyókù nínú àpò tí ọkọ̀ pèsè fún aṣọ ìdọ̀tí. Mo ní màá dá àádọ́ta wọn padà bá a bá ti délé, kò ní yẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyẹn kì í ṣe oore. Nǹkan mi ni."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Dọ́là mẹ́fà mẹ́fà ni o."

"Mo mọ̀." Wọ́n fa fọ́ọ̀mù, wọ́n kọ orúkọ mi sí i, orúkọ tó wà nínú ìwé gan-an, kì í ṣe Akọ̀wé. "Láti òní lọ, kí àwọn tó ń gbowó máa bá ẹ fọ̀ ọ́. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì." Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ara ì bá tù mí.

Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin nínú ọ̀rá. Mo wọ ọ̀kan lọ jẹun. Kọ́là ẹ̀ ò dúró, apá òsì ṣubú sórí kóòtù mi. Obìnrin tuntun kan jókòó tì wá, ó ní wọ́n ti sọ fún òun nípa Àǹtí. "Ṣé àbúrò tí ẹ tọ́ yẹn nìyí?"

Àǹtí wo kọ́là mi. Ọwọ́ wọn kúrò lórí tábìlì, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo tiẹ̀ na ọrùn. Ó dúró láàárín ọ̀nà. Wọ́n fi gbé ṣíbí.

"Òun ni," wọ́n ní, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ wọn lọ.