Ta Ni Rẹ́mọ̀ḿbọ̀?

Ní agbo ilé Rùkáyyàh ní ìlú Tápà, ọmọ tó ń ké á panu mọ́ bó bá ti gbọ́ "Rẹ́mọ̀ḿbọ̀". Èyí tó kọ oúnjẹ á jẹun. Bí ẹ bá wá bi ìyá tó ń fi dẹ́rù bọmọ pé kí ni nǹkan ọ̀hún, á ní òun ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi dẹ́rù ba òun náà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!

Rùkáyyàh náà ń fi dẹ́rù ba Aliyyah, ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́fà, títí ọmọ ò fi gbà láti dé ẹnu ọ̀nà mọ́ bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Ó tún wá ń tọ̀ sára. Àyà Rùkáyyàh já. Ó di ọ̀dọ̀ Màmá Yẹ̀kínì, àbúrò ìyá bàbá rẹ̀, arúgbó kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú ilé.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Rẹ́mọ̀ḿbọ̀? Ẹ sọ fún mi kí n lè fi ọmọ mi lọ́kàn balẹ̀."

Màmá Yẹ̀kínì mí kanlẹ̀. "Èèyàn mà ni. Búrẹ́mọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ó bínú kúrò nílé, wọ́n ní Àbíjàn ló gbà lọ. Láti ìgbà náà, bílẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ̀gbọ́n mi, ìyá tó bí i, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí títì, á máa dá sọ̀rọ̀: 'Búrẹ́mọ̀ ń bọ̀. Búrẹ́mọ̀ ń bọ̀.' Ẹ̀rù a máa ba àwọn ọmọdé, wọn a sá. Àwọn ìyàwó ilé tí wọn ò mọ ìdí ọ̀rọ̀ sọ ọ́ di Rẹ́mọ̀ḿbọ̀. Ó retí ọmọ títí, ọmọ ò dé, ó fi kú."

Rùkáyyàh rántí ọjọ́ kan.

Ọmọ ọdún méje ni lọ́jọ́ náà, lọ́sàn-án gangan. Ìyá bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń yan gààrí. Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń hewú gbé àpò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín sí i. "Ọmọ dáadáa, lọ sọ fún màmá pé Búrẹ́mọ̀ ti dé."

Rẹ́mọ̀! Rẹ́mọ̀ḿbọ̀ ti dé! Ó figbe ta, ó tilẹ̀kùn gbàgà, ó fara tì í. Ọkùnrin náà kanlẹ̀kùn títí. "Ìyá mi ńkọ́?"

"Kò sí ìyá kankan níbí mọ́! Máa lọ!"

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ. Nígbà tí ìyá àgbà wọlé tó bi í pé ta ló ń kanlẹ̀kùn, ó ní kò sẹ́nìkan. Nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà gbé àpótí rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá," Rùkáyyàh ní, "ó dé o. Èmi ni mo lé e."



Nígbà tílẹ̀ ń ṣú, Rùkáyyàh jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí títì. Kò mọ̀ pé ẹnu òun ń sọ̀rọ̀ àfi ìgbà tí Aliyyah yọjú láti pè é, tó gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Ọmọ figbe ta, ó sá wọlé, ó sì tilẹ̀kùn gbàgà.