Ilẹ̀ Ìbítóyè Lórí Ògiri

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀mọ̀wé ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀, kó lọ béèrè lọ́wọ́ Naomi Ìbítóyè. Olùkọ́ ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kàbà, ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kọ́ tó yàn láàyò ni jiọ́mẹ́tírì orí kọ̀ǹpútà: kí wọ́n fi ìlà àti igun sínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ bá wọn wá ọ̀nà tó yá jù, tàbí ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga sí, tàbí bí wọ́n ṣe lè pín ilẹ̀ wíwọ́ kan lọ́gbọọgba. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló kọ ìwé lé lórí, òun náà ló sì kó o sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Bàbá rẹ̀ kú, ó fi ilẹ̀ ńlá kan sílẹ̀ ní Aiyétòrò Gbẹ̀dẹ̀, láti etí títì dé etí odò. Ìyàwó méjì ni bàbá ní, èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì torí rẹ̀ fi í sí ìjókòó ẹ̀yìn títí tó fi kú. Ìyálé, tí òun náà ti di olóògbé, bí ọmọ mẹ́fà. Hezekiah ni àkọ́bí wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Miriam, ìyàwó kejì, bí Naomi nìkan, òun sì ni àbíkẹ́yìn gbogbo ilé. Miriam ṣì ń gbé lórí ilẹ̀ náà. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin oko kajú tó wà níbẹ̀, nígbà tó ṣì ń pọn Naomi. Kajú yẹn ló fi rán an níléèwé títí dé yunifásítì, òun náà ló sì fi ń jẹun títí di òní. Nínú gbogbo ogún Ìbítóyè, ohun kan ṣoṣo ni Naomi ń wá: kí oko kajú má bọ́ lọ́wọ́ ìyá òun.

Ọ̀nà méjì la mọ̀ tí wọ́n ń gbà pín ogún olórogún. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí igi, iye ìyàwó ni wọ́n ń kà: ilẹ̀ á di méjì, àwọn mẹ́fà á mú ìdajì, Naomi á mú ìdajì. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ ni wọ́n ń kà: á di ọ̀nà méje. Kò sẹ́ni tí kò mọ èyí tí Hezekiah fẹ́. Bàbá Ernest, àbúrò olóògbé, tó jẹ́ olórí ẹbí, pèpàdé títí ó sú u. Èyíkéyìí tó bá mú, ẹnìkan á bá a ṣọ̀tá wọ sàréè, arúgbó náà kò sì fẹ́.

Ìgbà náà ni Naomi dá a lábàá pé kí kọ̀ǹpútà pín in. Ó ní òun fẹ́ gbàlejò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì ní Kàbà, àwọn ọ̀mọ̀wé á wá láti ibi gbogbo, kí wọ́n fi ilẹ̀ Ìbítóyè ṣe àpẹẹrẹ lójú gbogbo ayé. Ó ní, “Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyálé, kò mọ ìyàwó. Kì í ṣojúsàájú.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Bàbá Ernest nínú. Gbogbo wọn gbé ọwọ́ lé Bíbélì pé ohun tí ẹ̀rọ bá ti sọ, abẹ ti gé e.

Ohun tí Naomi kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun ti dán an wò nílé. Ó tẹ méjì sínú ẹ̀rọ. Ìlà náà já láti títì dé odò, ó gba ẹ̀gbẹ́ oko kajú kọjá láìkan igi kan. Ilé bàbá àti sàréè rẹ̀ bọ́ sí ìdajì kejì, Hezekiah tó jẹ́ àkọ́bí kò sì ní fi sàréè bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láéláé. Naomi sùn dáadáa. Kò wá sí i lọ́kàn pé ẹ̀rọ kọ́ ló yan méjì, òun ni. Ó kàwé débi pé kò rí ohun tó wà níwájú imú rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn, àwòrán ilẹ̀ Ìbítóyè hàn lórí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Boaz, àgbà ẹ̀kọ́ yìí, wá láti Àbújá. Òun ni àwọn aláṣẹ fẹ́ kó yẹ iṣẹ́ Naomi wò fún ìgbéga rẹ̀. Àwọn ẹbí jókòó sẹ́yìn, Miriam wà láàárín wọn nínú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ó ń wo ọmọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Naomi sọ̀rọ̀, ó já gaara. Ó tún ọ̀rọ̀ tó sọ nílé sọ fún wọn, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá: kọ̀ǹpútà kò mọ ìyálé, kò mọ ìyàwó, iye ajogún nìkan ni kí ẹ sọ fún un. Hezekiah bá nawọ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un.

“Okun o, gbogbo ilé,” ó kí wọn. “Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò mi. Ó ní ẹ̀rọ kò mọ ìyàwó. Bí kò bá mọ ìyàwó, a jẹ́ pé ọmọ ni yóò kà. Méje ni wá.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Boaz mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn, orí kan, apá kan, kí Naomi tẹ méje. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó.

Naomi wo Bàbá Ernest, ìyẹn ń nu ojú rẹ̀, ẹrù ti kúrò lórí tirẹ̀. Ó lè sọ pé rárá o. Ó lè sọ pé ìdí igi náà jẹ́ àṣà wa, méjì ni òun fẹ́. Àmọ́ bó bá sọ bẹ́ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n á béèrè ẹni tó yan méjì, ìwé tó fi odidi ọdún kọ á sì di ọ̀rọ̀ orogún lásán. Ìgbéga rẹ̀ ló rò. Ibẹ̀ ló ti ta ìyá rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Ó tẹ méje.

Ẹ̀rọ kò ṣe àṣìṣe kankan. Àwọ̀ méje tò sára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan kan títì, ọ̀kọ̀ọ̀kan kan odò, kò sí èyí tó fẹ̀ ju ìkejì lọ. Bàbá Ernest ní kí wọ́n mú un bí wọ́n ṣe dàgbà sí. Hezekiah mú apá tí ilé bàbá wà. Rónkẹ́, tó tẹ̀ lé e, tó máa ń jẹun nílé Miriam bó bá ti wá sílé, wo ilẹ̀, ó mú aláwọ̀ ìyeyè, tí oko kajú wà nínú rẹ̀. Àwọn yòókù mú tiwọn. Ó ku àwọ̀ eérú fún Naomi, ibi tí àpáta wà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni, kọ̀ǹpútà kò ka àpáta.

Naomi sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀. Miriam nàka sí ògiri.

“Naomi, àwọ̀ wo ni tèmi?”

“Iye mi, ọmọ nìkan la kà,” ó dá ìyá rẹ̀ lóhùn.

“Mo gbọ́. Àwọ̀ wo ni tèmi?”

Naomi yíjú síwájú. Wọ́n ń pè é kó wá ya fọ́tò. Ó lọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Boaz, ẹni tó ń sọ pé àwòrán náà ni àwọn máa fi sí iwájú ìwé ìpàdé. Ó rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà. Ìgbéga rẹ̀ jáde, kò sì sí ẹni tó ní kò tọ́ sí i.

Nígbà tí kajú pọ́n, Rónkẹ́ kó àwọn tó ń ṣá kajú wá láti Ìyàrá. Naomi wa mọ́tò lọ sí Aiyétòrò lọ́jọ́ Sátidé. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọn igi lókèèrè. Ojú ti Naomi débi pé kò lè jókòó.

“Iye, a ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Mo ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀.”

Miriam kò gbójú sókè.

“Bó bá ṣe pé Hezekiah ló gbà á lọ́wọ́ mi,” ó ní, “ìwọ ni ǹ bá ké pè. Ìwọ lo wá gbà á. Ta ni kí n ké pè?”