Ìgbà Tí Ọpẹ́dayọ̀ Kò Gbọ̀n Mọ́

Ọyẹ́ mú ní Kàbà láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé òkè ẹ̀yìn ìlú kò hàn. Síbẹ̀, inú dúrọ́ọ̀mù omi yìnyín ni Ọpẹ́dayọ̀ jókòó sí lẹ́yìnkùlé, omi mù ún dé àyà, eyín rẹ̀ ń lura wọn. Iṣan itan rẹ̀ ló wú níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù lánàá, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ kojú àwọn ọmọ Mopa nírọ̀lẹ́. Ó ti rí i lórí fóònù pé àwọn eléré ìdárayá òkè òkun máa ń wọ inú yìnyín fún ìgbà díẹ̀ kí ara lè tù wọ́n. Òun wá rò pé bí òun bá pẹ́ níbẹ̀ jù wọ́n lọ, yóò tètè san ni.

Ìbítóyè, bàbá rẹ̀, dúró tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja tútù ni wọ́n ti ra yìnyín náà, òórùn ẹja ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹja ni wọ́n ń kó sí yìnyín kó má bàa rà," ló wí. "Jáde níbẹ̀."

"Ó ku díẹ̀, Bàbá."

Philip, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tún da yìnyín kún un. "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ata nìkan ló kù ká sọ sí i."

Ìbítóyè kò rẹ́rìn-ín. Ó ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá Ọpẹ́dayọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ́jọ́ tó kú, ó sì mọ bí ara tútù ṣe ń rí lọ́wọ́. Ọmọ yìí nìkan ló ṣẹ́ kù fún un nínú ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ní irùngbọ̀n, báwo lèèyàn ṣe ń fagbára gbé e jáde nínú omi?

Nígbà tó yá, eyín tó ń lura wọn dákẹ́. Ara ọmọ náà rọ̀.

"Ó ti mọ́ ọn lára!" Philip pàtẹ́wọ́. Ìbítóyè náà mí kanlẹ̀.

Fóònù dún. Magdalene ni, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Iyah-Gbede.

"Okun o, Bàbá Ọpẹ́," ló kí i bí ará ìlú wọn ṣe ń kíra. "Itan rẹ̀ ńkọ́?"

"Inú yìnyín ló wà. Ó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dáwọ́ dúró, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

"Ó dáwọ́ dúró?" Ohùn Magdalene yí padà. "Ẹ gbé e jáde! Gbígbọ̀n yẹn ni ara fi ń dáná fún ara rẹ̀. Iná ọ̀hún ló kú yẹn!"

Ọpẹ́dayọ̀ fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó fẹ́ di etí dúrọ́ọ̀mù mú, ìka kò ká. "Oorun ń kùn mí," ló wí, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Àwọn méjèèjì fà á jáde, wọ́n gbé e wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì. Itan rẹ̀ le bí òrí inú ọyẹ́.

Philip sáré gbé kẹ́tùlù omi gbígbóná dé. "Ẹ fi ra ẹsẹ̀ rẹ̀, Bàbá!" Ìbítóyè ti na ọwọ́ kó fi ra ẹsẹ̀ ọmọ náà, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe sí gbogbo àìsàn, ni Magdalene bá pariwo nínú fóònù:

"Ẹ má ra ẹsẹ̀ yẹn o! Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti tutù. Tẹ́ ẹ bá lé e padà sí àyà lójijì, ọkàn lè dá iṣẹ́ dúró. Ẹ nù ún gbẹ, àyà ni kẹ́ ẹ mú gbóná. Ẹ fi ara yín mú un gbóná. Ẹ má jẹ́ kó sùn. Mo ń mú mọ́tò bọ̀."

Nínú ilé yẹn, ìdọ̀bálẹ̀ ti tó fún ìkíni. Wọn kì í dì mọ́ra. Ìbítóyè bọ́ bùbá rẹ̀, ó gbá ọmọ náà mọ́ àyà, Philip sì fi kúbùsù bò wọ́n. Ó dà bí ìgbà tó gbá ògiri kànga mọ́ra. Ojú Ọpẹ́dayọ̀ ń pa dé.

"Ọpẹ́! Ta ni yóò ṣọ́ ilé fún yín nírọ̀lẹ́?" Kò bi í léèrè bọ́ọ̀lù rí.

"Bọ́... Bọ́ládé."

"Bọ́ládé wo? Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń jò bí ajẹ̀rẹ̀?"

Orí ọmọ náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀ mì í. "Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ń jò!"

"Irọ́ ni, Bàbá," ọmọ náà rọra wí. "Ó... ó mọ̀ ọ́n mú."

"Ẹ̀fúùfù lásán ló ń mú."

Àgbọ̀n Ọpẹ́dayọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Ìbítóyè kò mí. Ó tún mì, ó dé èjìká, ó bọ́ sí ẹ̀yìn, títí bẹ́ẹ̀dì fi ń han.

"Yéè, gìrì ti mú un!" Philip ké.

"Gìrì kọ́," ni Ìbítóyè wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Bàbá," ọmọ náà ń kólòlò, "ṣé m-mo máa lè gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́?"

Ìbítóyè fa kúbùsù bò ó dé ọrùn.

"Dákẹ́. Máa gbọ̀n."