Hóró Mélòó Ló Lò?

“Hóró mélòó ló lò lánàá?”

Ìgbà kejì tí dókítà béèrè nìyí, kò sì gbé ojú kúrò lára ìwé tó ń kọ. Káfíńtà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ike tí wọ́n fún un pé kó máa bì sí mú, funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú. Ìyàwó rẹ̀ dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ìyá káfíńtà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Nọ́ọ̀sì, ló wà lórí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà, nítorí pé ibi yòówù tí àga bá wà, Nọ́ọ̀sì kì í dúró.

“Méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́,” ni Nọ́ọ̀sì dáhùn. “Èmi fúnra mi ni mo fún un. Mo mọ oògùn lò, dókítà. Mo ti wà ní ọsibítù kí ẹ tó wọ iṣẹ́ yìí.”

Káfíńtà yíjú sí ìyá rẹ̀, ó tún yí i padà sínú ike. Ó ti lé lógójì ọdún, ó ti bí ọmọ mẹ́ta, síbẹ̀ kò tíì sí ọjọ́ kan tó já irọ́ ìyá rẹ̀ níwájú ẹlòmíràn. Kò ní í bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ká má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, Nọ́ọ̀sì kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ọsibítù bíi eléyìí, àmọ́ ilé ìfọṣọ ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ń fọ̀, òun ló ń lọ̀ ọ́, òun náà ló ń kó o lọ sí wọ́ọ̀dù láràárọ̀. Níbi tó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti ń jí iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì wò. Ó ń rí bí wọ́n ṣe ń da hóró oògùn láti inú ìgò ńlá sínú ife kékeré, méjì fún eléyìí, méjì fún tọ̀hún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó ń wọ kaba funfun kiri àdúgbò, àwọn ará ilé òdìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́.” Kò jí orúkọ náà. Wọ́n fún un ni, òun náà ò sì dá a padà.

Orúkọ kì í rìn lóun nìkan. Ìgò tẹ̀lé e. Ìgò gbàǹgbà kan tó ní ìdérí pupa ló gbé sórí tábìlì pálọ̀. Bó bá ti ra parasitamọ́ọ̀lù, á yọ hóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á dà á sínú ìgò, á sì da páálí rẹ̀ nù, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí i ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tí orí ń fọ́, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, inú ìgò yẹn ni Nọ́ọ̀sì ti ń bu tiwọn fún wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Bí méjì ò bá ràn án, ó ní kí wọ́n fi ẹyọ kan lé e. Bí ẹnì kan bá sì ní ṣé kò ní í pọ̀ jù, Nọ́ọ̀sì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù? Oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́? Ó ní kò lè pa eṣinṣin.

Ọjọ́ Ẹtì ni eyín bẹ̀rẹ̀ sí í ro káfíńtà. Ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá ló ń kàn lọ́wọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ kan, wọ́n sì fẹ́ kó kó wọn dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní òun ò ráyè oníṣègùn eyín títí iṣẹ́ á fi parí. Ìyá rẹ̀ ní kó má dààmú, òun wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti wọnú rẹ̀ dáadáa mọ́, nítorí kò lè fi eyín rún nǹkan. Omi àti oògùn ló ń gbé mì. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nọ́ọ̀sì ní oró eyín ló ń jáde. Láàárọ̀ òní tí ìyàwó rẹ̀ ṣí fèrèsé, tó rí àwọ̀ ojú ọkọ rẹ̀, kò bi ìyá ọkọ rẹ̀ léèrè kó tó lọ pe ọlọ́kọ̀.

Dókítà náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ṣàlàyé fún wọn pé èsì ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde, ẹ̀dọ̀ káfíńtà ló ti fara gbọgbẹ́, ọgbẹ́ náà kò sì kéré.

“Ohun tí kò yé mi rèé,” ló wí. “Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ò gbọdọ̀ lò ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Mẹ́rin lẹ pè é, Màmá. Mẹ́rin ò lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ báyìí. A jẹ́ pé àrùn mìíràn la ó máa wá.”

Ó ní àwọn á tún gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ńlá, èsì á dé lọ́la tàbí ọ̀túnla. Ìyàwó béèrè ohun tí wọn ì bá ṣe ká ní oògùn náà ló pọ̀ jù. Dókítà na ọwọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní oògùn tó ń gbógun ti oró rẹ̀ wà níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀ làwọn ì bá sì fà á sí i lára, nítorí pé wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń dín iṣẹ́ tó lè ṣe kù. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ wo aláìsàn mìíràn.

Ìyàwó ṣí báàgì rẹ̀, ó kó páálí méjì jáde, ó gbé wọn lé itan ìyá ọkọ rẹ̀. Ọ̀kan pupa, wọ́n ya ẹni tó fọwọ́ di ẹ̀yìn mú sí i lára. Èkejì aláwọ̀ ewé, oògùn ọ̀fìnkìn tí wọ́n ń pò sínú omi gbígbóná.

“Mo ń fún un ní ìwọ̀nyí náà, Màámi. Ó ní gbogbo ara ń ro òun. Pupa yẹn, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Èyí tá à ń pò, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.”

Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì kò bójú mu rárá. Ó béèrè ìdí tí ìyàwó fi lọ ra oògùn níta bíi pé kò sí àgbà nínú ilé. Ìyàwó ní ẹ̀ẹ̀kan tóun dán irú ẹ̀ wò rí, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni Nọ́ọ̀sì fi bá òun yodì, ìdí nìyẹn tóun fi ń fún ọkọ òun nínú yàrá. Òótọ́ sì ni.

Nọ́ọ̀sì fi awò ojú rẹ̀ sójú. Ó gbé páálí pupa, ó yí i sẹ́yìn, ó wá ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sí. Lẹ́tà ibẹ̀ ò tó èèrà. Parasitamọ́ọ̀lù. Ó gbé aláwọ̀ ewé, ó yí òun náà sẹ́yìn. Parasitamọ́ọ̀lù. Ó tún padà sí pupa bíi pé wọ́n lè ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ojú òun kúrò níbẹ̀. Orúkọ méjì níwájú, àwòrán méjì, oògùn kan náà lẹ́yìn, òun kan náà ló sì kún inú ìgò orí tábìlì rẹ̀. Láti ọdún tó ti ń da páálí nù, kò tíì yí ọ̀kan sẹ́yìn rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò. Kì í ṣe méjì lòun ń fún ọmọ òun, mẹ́ta ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Mẹ́sàn-án nìyẹn. Mẹ́rin ti pupa, ó di mẹ́tàlá. Èyí tí wọ́n ń pò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀kan rẹ̀ tó hóró méjì, ó di mẹ́tàdínlógún. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti tán kó tó dé ibẹ̀.

“Mo tún bù nínú ìgò lọ síbi iṣẹ́,” ni káfíńtà sọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. “Mo dà á sápò ṣẹ́ẹ̀tì.”

“Mélòó?”

“Mi ò kà á, Màámi. Bó bá ti ta mí, màá ju méjì sẹ́nu. Ẹ ṣáà ní kò lè pa eṣinṣin.”

Ó fẹ́ fi dẹ́rìn-ín pa ìyá rẹ̀ ni.

Ìyàwó ní kí àwọn sáré lọ sọ fún dókítà. Káfíńtà mi orí. Ó ní kí wọ́n fi ìyá òun sílẹ̀, pé ó lè jẹ́ àrùn mìíràn lóòótọ́, kí wọ́n dúró de èsì ọ̀la. Ó ń gbèjà ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ike èébì lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì rò ó pé bí òun bá la ẹnu, orúkọ tóun ti ń jẹ́ láti ọdún mọ́kànlá parí nìyẹn, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ ọsibítù tí àdúgbò kì í gbọ́. Ojú sì tì í gidigidi pé irú èrò bẹ́ẹ̀ lè wá sí òun lọ́kàn nígbà tí ọmọ òun ń kú lọ níwájú òun.

Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan wọlé, nọ́ọ̀sì tòótọ́. Ó wọn bí ara káfíńtà ṣe gbóná tó, ó kọ ọ́ sínú ìwé tó so kọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó wo aago, ó kọ ìyẹn náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jáde. Ìyá káfíńtà ń wo ìwé yẹn. Kò sí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́ rí tí irú rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Ó máa ń fọwọ́ tì í sápá kan kó lè ráyè ká etí aṣọ wọlé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi rí ọwọ́ tó ń fún aláìsàn lóògùn, kò sì fìgbà kankan wo ohun tí ọwọ́ náà ń kọ lẹ́yìn tó bá fún un tán.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe tara rẹ̀. Ó dìde.

Dókítà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn bíi mẹ́wàá sì jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń retí tiwọn. Nọ́ọ̀sì ò dúró kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà parí.

“Dókítà, mo parọ́ fún yín. Ó ju mẹ́tàdínlógún lọ lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Oríṣi mẹ́ta ló lò, oògùn kan náà ni gbogbo wọn. Èyí tó kó lọ síbi iṣẹ́, a ò mọ iye rẹ̀.”

“Ta ló ní kó lò ó bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni.”

Gbogbo ojú orí bẹ́ńṣì wà lára rẹ̀. Dókítà ò bá a wí. Ó kọjá lára rẹ̀, ó ń sáré, ó ń pe orúkọ oògùn kan sí àwọn tó wà nínú yàrá. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, oògùn náà ti ń kán wọ inú iṣan káfíńtà. Nọ́ọ̀sì ì bá fẹ́ kí wọ́n bá òun wí.

Nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀ díẹ̀, dókítà pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní oògùn gidi ni parasitamọ́ọ̀lù, pé òun náà ń lò ó bí orí bá ń fọ́ òun. Ó ń lé ibà, ó ń dín ìrora kù. Àmọ́ ó ní iye, ó ní wákàtí, ẹni tí kò sì jẹun dáadáa gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé e mì, ó gbọ́dọ̀ mọ oògùn mìíràn tó ti lò àti ohun tó wà nínú wọn. Ní ti káfíńtà, ó ní òun ò lè ṣèlérí kankan. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ibi tí Nọ́ọ̀sì ti ń padà lọ síbi bẹ́ẹ̀dì ni fóònù rẹ̀ dún. Obìnrin kan ládùúgbò ni, ọmọ rẹ̀ kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ó ní ara ọmọ náà tún ti gbóná, ó ń béèrè bóyá kóun tún fún un ní ìdajì hóró, torí kò tíì pẹ́ tóun fún un ní ìdajì mìíràn.

Nọ́ọ̀sì dúró gbagidi láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Kí lo ti fún un láti àárọ̀?”

Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yìí rí. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìdajì hóró láti inú ìgò Nọ́ọ̀sì láàárọ̀, ìdajì lọ́sàn-án. Oògùn olómi tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn lánàá, ṣíbí kan nígbàkigbà tó bá sunkún. Ìyá àgbà rẹ̀ náà ra oògùn ọ̀fìnkìn kan wá.

“Má fún un ní nǹkan kan mọ́,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Kó gbogbo páálí tó wà nílẹ̀ àti ìgò olómi yẹn dání, gbé ọmọ náà, máa bọ̀ ní ọsibítù nísinsìnyí.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ṣé nítorí ara gbígbóná lásán ni, ṣé Nọ́ọ̀sì ò lè sọ ohun tóun máa ṣe fóun lórí fóònù ni.

“Mi ò mọ ohun tó o máa ṣe. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ìyá ọmọ. Aṣọ ni mo fọ̀ ní ọsibítù, mi ò kọ́ṣẹ́ oògùn rí. Ṣé o gbọ́ mi? Máa bọ̀.”

Ó ti fóònù bọ àpò, ó bá ẹnu ọ̀nà ńlá lọ, ó sì dúró nínú oòrùn, ó ń wo inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá yà wọlé.