Omi Eérú

Orúkọ ènìyàn ni ìyàwó mi, Mọ́níkẹ́, kọ́kọ́ gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ó gbàgbé ọ̀nà ọjà Ìtòkú, níbi tó ti ń pa aṣọ láró láti ìgbà ọmọge. Lẹ́yìn náà ló gbàgbé èmi. Isaiah ló ń pè mí báyìí. Isaiah ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Mo ń dáhùn.

Ọmọ wa obìnrin, Adépéjú, ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì. Ó ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Ohun kan wà nínú ọpọlọ ènìyàn tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Bí apá kan ọpọlọ bá ránṣẹ́ sí apá kejì, ẹ́ńsáìmù yìí ló ń gbá iṣẹ́ náà dànù tí wọ́n bá ti jẹ́ ẹ tán. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbàgbé bíi ti ìyá rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán kò tó nǹkan mọ́, àmọ́ agbálẹ̀ náà kò sinmi. Oògùn tó ń dá a dúró wà. A fún Mọ́níkẹ́ lò. Gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń bì. Péjú wá ń wá ewé ilẹ̀ wa tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ́ńsáìmù náà ni wọ́n fi ń dán àwọn ewé wò, àmọ́ a kì í la orí ènìyàn wá a. Kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi ìlànà tí ara ènìyàn fi ń ṣe ẹ́ńsáìmù náà sínú kòkòrò. Kòkòrò á máa bí sí i nínú omi, á sì máa ṣe ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Òkè òkun ni irúgbìn kòkòrò náà ti wá. Ọdún méjì ni Péjú fi tọrọ rẹ̀.

Tiransifọ́mà yunifásítì jó. Iná kò dé fún ìgbà pípẹ́. Irúgbìn inú fìrísà kú. Ìgò kan ṣoṣo ló kù tí ohun inú rẹ̀ ṣì yè. Péjú gbé e wá sílé wa ní Adigbẹ. Saheed, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ni yóò fi mọ́tò gbé e lọ sí Ìbàdàn níbi tí iná wà. Ọkọ̀ símẹ́ǹtì kan ṣubú dí ọ̀nà ní Ewékorò. Saheed, tó ń ti ìrìn àjò bọ̀ wá bá wa, há sẹ́yìn rẹ̀.

"Bàámi, ẹ bá mi máa mì ín," ni Péjú wí. "Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Mo fẹ́ lọ dúró dè é ní títì."

Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń mi ìgò. Omi inú rẹ̀ dà bí omi ògì tó ti kan. Òwú ni wọ́n fi dí i lẹ́nu. Inú mi dùn pé mo rí nǹkan ṣe.

Mọ́níkẹ́ jáde wá.

"Ẹ̀gbọ́n Isaiah, kí lẹ ń rẹ̀ lẹ́kún báyìí?"

"Iṣẹ́ Péjú ni."

"Ta ni Péjú?"

"Ọmọ rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ kò rí ìyàwó fẹ́, ẹ tún ń fún mi lọ́mọ."

Ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn ìgò náà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kò rùn tó. Aró yìí ń kú lọ."

"Kì í ṣe aró."

"Kí lẹ mọ̀ nípa aró? Símẹ́ǹtì lẹ mọ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀, wọn kì í da aró láàmú."

Télọ̀ ni Isaiah. Èmi ni mo ṣiṣẹ́ símẹ́ǹtì ní Ewékorò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ mi dúró.

"Mọ́níkẹ́, ta ni mí?"

Ó wo ojú mi, ó wo ìgò náà.

"Ẹ̀gbọ́n Isaiah, ẹ má yọ mí lẹ́nu," ló wí. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Fóònù mi dún nínú ilé. Mo gbé ìgò sórí tábìlì, mo wọlé. Péjú ni. Saheed ti dé, wọ́n ti ń bọ̀.

Ìkòkò aró rẹ̀ ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ṣì ń sẹ́ omi eérú sínú ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé ìyẹn. A kì í dí i lọ́wọ́, torí ó ń mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí aró bá ń kú, omi eérú ni wọ́n fi ń jí i.

Láti ojú fèrèsé, mo rí i tó gbé igbá omi eérú dé. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó mi orí. Ó yọ òwú lẹ́nu ìgò.

Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Mo sáré jáde. Nígbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, igbá ti ṣófo.

"Ó máa sàn," ló ń sọ fún ìgò. "Rọra mu ún."

Péjú àti Saheed wọlé.

"Ẹ kú ilé, bàbá," ni Saheed wí. Kúlà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo na ọwọ́ sí igbá.

Péjú gbé ìgò sí ìmọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi inú rẹ̀ ń fà bí ọbẹ̀ ilá.

"Omi eérú le jù fún àwọn kòkòrò náà. Wọ́n ti bẹ́," ló wí.

"Gbogbo wọn?" ni Saheed bi í.

"Gbogbo wọn."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀.

"Má sunkún, oníbàárà mi. Aró kì í kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mú aṣọ rẹ wá lọ́la."

Péjú wo ojú rẹ̀. "Ẹ ṣé, màámi," ló wí.

Saheed gbé kúlà òfìfo padà sínú mọ́tò. Péjú ní òun yóò tún kọ̀wé béèrè irúgbìn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọdún méjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́níkẹ́ ti di àkísà aṣọ funfun kan ní okùn kó tó béèrè aró rẹ̀. Mo da omi ìgò náà sínú abọ́, mo gbé e fún un. Ó rẹ aṣọ náà sínú rẹ̀, ó fún un, ó tú okùn, ó sá a sórí wáyà.

Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró kì í dú lójú ẹsẹ̀. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú. Ó fa àpótí kan sún mọ́ mi.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

Mo jókòó. A ń wò ó títí ó fi gbẹ.