Iye Ọjà Ni Kí O Tà Á

Victor fẹ́ ta ẹ̀rọ tó fi ń fún epo. Ó ń kó kúrò ní Erinje, ó sì fún mi ní àkókò títí di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni, kò sì tà á ní àwìn. Ọkùnrin kan láti Akotogbo náà ń wò ó. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ru ẹyìn mi lọ sí ẹbu ẹlòmíràn, tí wọ́n ń gba kẹ́ẹ̀gì epo kan nínú márùn-ún lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ra ẹ̀rọ yìí, ìyẹn ti parí.

Mo mọ ibi tí owó wà. Ọkọ mi kí ó tó kú ra ìpín ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì nínú ilé iṣẹ́ kan tó ń gbin ọ̀pẹ, wọ́n sì ti fi orúkọ mi sí i. Láàárọ̀ Jímọ̀ mo wọ ọkọ̀ lọ sí Okitipupa, sí ọ́fíìsì Adédoyin, alágbàtà tó ń bá àwọn tíṣà ra ìpín tó sì ń bá wọn tà á.

"Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìpín kan, mà," ó wí, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi kí n rí i fúnra mi.

Mo ṣírò rẹ̀ lórí. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù.

"Ta gbogbo rẹ̀."

"Ṣé ní iye ọjà, mà, àbí kí ẹ dá iye tí a ò ní tà sísàlẹ̀ rẹ̀? Torí pé ìpín yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn, iye tí ẹ rí yìí lè..."

"Ọmọ mi, má kó ọ̀rọ̀ ńlá bò mí. Iye ọjà ni kí o tà á."

Ohun tí mo rò nìyí. Ní Erinje, kí ọjà epo tó ṣí, ẹgbẹ́ wa á jókòó, a ó fi ẹnu kò sí iye kan. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá àti ẹni tó kó àádọ́ta wá, iye yẹn ni wọn yóò tà. Ẹni tó bá tà á sísàlẹ̀ yóò sanwó ìtanràn. Mo gbà pé àwọn àgbà kan jókòó ní Èkó láàárọ̀ yẹn, wọ́n ní náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Adédoyin tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ ní náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ ní mẹ́rìnlá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lọ ní mẹ́tàlá àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti ṣẹlẹ̀.

"Ta ló ń bà á jẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi?"

"Ẹni tó fẹ́ rà ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò fẹ́ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. Nígbà tí tirẹ̀ tán, ó kan ẹni tó fẹ́ rà á ní mẹ́rìnlá."

"Ta ló wá dá iye mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn sílẹ̀?"

"Ẹni méjì tó ṣòwò kẹ́yìn lánàá ló gbà á láàárín ara wọn. Ìpín ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n tà."

Ìpín ọgọ́rùn-ún! Ẹni méjì tí n kò mọ̀ rí ṣòwò ohun tí owó rẹ̀ kò ju ti kóńgò gàrí kan lọ, mo sì fi ìyẹn ka owó ẹ̀rọ.

"Ta ìyókù ní mẹ́tàlá àti àádọ́ta kọ́bọ̀ yẹn."

"Kò sí ẹni tó fẹ́ rà mọ́, mà. Òfin ọjà ìpín ò sì jẹ́ kí iye rẹ̀ jábọ̀ ju ibẹ̀ lọ lónìí."

"Iye wà níbẹ̀, mo ń wò ó!"

"Iye wà. Ẹni tó máa san án ni kò sí."

Fóònù mi dún. Vivian ni, àbúrò ọkọ mi ní Ìkọ̀yà. Òun náà ní irú ìpín yìí, ojoojúmọ́ ló sì ń wò ó lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, ẹ wá wo nǹkan! Wèrè kan ti da ìpín sọ́jà. Tèmi ti jábọ̀ láìṣe nǹkan kan!"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Ṣé epo ni ẹ rò pé ẹ ń tà ni? Ẹ gbé ìyókù padà sókè, ẹ jọ̀ọ́!"

Mo ní kí Adédoyin fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún tó kù sí náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó hàn lójú kọ̀ǹpútà, ní apá àwọn tó ń tà. Apá àwọn tó ń rà ṣófo. Ohun tí mo rí gbà kò tó ìdajì owó ẹ̀rọ.

Victor pè. "Ìyá Tóyọ̀sí, ará Akotogbo ti dé o. Ó gbé ọkọ̀ àti ọkùnrin mẹ́rin wá, ó ti ń tú bóòtù láìtíì sanwó. Ṣé kí n dá a dúró?"

Mo wo apá tó ṣófo yẹn.

"Gbé e fún un."

"Ẹ ní kí n gbé e? Ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀ mí fún oṣù méjì?"

"Gbé e fún un, Victor."

Adédoyin rọra béèrè bóyá kí ó yọ ìpín náà kúrò lọ́jà. Mo ní kó fi í síbẹ̀. Mo jókòó lórí àga rẹ̀ títí ọjà fi tú. Ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ béèrè pé èló ni.