Òjé Etí Garawa

Ọ̀rọ̀ kànga náà rú Nei Akoia lójú. Pupa láàárọ̀, aró lọ́sàn-án, kànga kan náà.

Nọ́ọ̀sì erékùṣù wọn ló fún un ní àwọn ìgò kéékèèké tí wọ́n fi ń yẹ omi wò. Wúrà ni wọ́n lọ̀ kúnná sínú wọn débi tí ojú kò fi lè rí i, omi rẹ̀ sì pupa fòò. Bí òjé bá wà nínú omi tí èèyàn bù sí i, wúrà náà á ṣù pọ̀, pupa á di aró. Maere ọmọ rẹ̀ sì rèé pẹ̀lú oyún. Májèlé ni òjé fún ọmọ inú; bí omi ilé bá ní i, àfi kí ó lọ bímọ sílé àna ní erékùṣù kejì, lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ ìwà rẹ̀.

Ten Baraniko ọkọ Nei Akoia, apẹja, ní kí ìgò náà lọ mọ inú ara rẹ̀ ná kó tó máa ba kànga baba òun lórúkọ jẹ́. Nọ́ọ̀sì ní iyọ̀ òkun náà lè sọ ọ́ di aró. Wọ́n tọ́ omi wò, kò níyọ̀. Nei Akoia fi ife bù ú nínú kànga sínú ìgò kan, ó pupa. Ó bu ti garawa abẹ́ igi àgbọn, tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, èyí tí Maere máa ń mu torí ó máa ń tutù, ó di aró. Ó tún un ṣe, bákan náà ni. Inú bí i sí ara rẹ̀, bí ẹni pé òun ló ń purọ́.

Ó da omi garawa nù kí ó lè fa òmíràn. Nǹkan dún gbì nínú rẹ̀. Òjé tí apẹja fi ń mú àwọ̀n rì ni, tí wọ́n dè mọ́ etí rẹ̀. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.

“Bàbá Maere, ta ló so eléyìí?”

“Èmi ni. Kí garawa lè máa rì fúnra ẹ̀, kọ́mọ má baà máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oyún.”

Ó rí ìgò aró lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. 

Maere bi wọ́n láti orí ẹní bóyá òun ń lọ àbí òun ò lọ. Ìyá rẹ̀ fẹ́ sọ pé kò lọ mọ́. Èyí tó ti mu ńkọ́? Ó ní kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ten Baraniko tú òjé náà, ó gbé e lọ sétí òkun, ó gbọ́wọ́ sókè, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó yà sídìí kòtò babai, kókò tí wọ́n ń gbìn, ó padà.

“Ìyá Maere, ibo ni kí n jù ú sí?”

Nei Akoia wo òkun, ó wo kòtò tí wọ́n ti ń wu oúnjẹ wọn. Kò mọ ibi tí yóò nawọ́ sí.